Ààlè Tí Ará Ilé Kò Lè Kà: Ọ̀pá Epo, Òfin, àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú láti Mọ̀

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tí ó gbà pé kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ìwé, kí ó wá bá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní àdúgbò wọn.

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó pa olùkọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pá epo. Àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ wà tí wọ́n mọ bí a ti ń rì í mọ́lẹ̀. Àwọn amòfin sì wà tí wọ́n mọ ìwé tí a fi ń fún un láṣẹ. Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni láti wo bí ọ̀rọ̀ ti ń ti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ta ni à ń bá sọ̀rọ̀, èdè wo ni a fi sọ ọ́, kí sì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dé ibi tí a rán an. Nígbà tí mo bá ka ìròyìn àwọn iná ọ̀pá epo tí ó ti jó ní Èkó láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo máa ń rí ọ̀rọ̀ tí kò dé etí nínú gbogbo wọn.

Kókó tí mo fẹ́ fi hàn lónìí nìyí: bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá epo pamọ́ fún ará àdúgbò kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Olè mọ ibi tí ọ̀pá gbà. Ìjọba mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó kọ́lé sí ẹ̀bá rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lórí rẹ̀, òun gan-an ni kò mọ̀. Bí a kò bá tún èyí ṣe, àmójútó yòówù kí ìjọba máa ṣe lórí ààbò ọ̀pá epo, ẹsẹ̀ kan ni yóò máa fi rìn.

Ohun Tí Ń Bẹ Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Wa

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ọ̀pá irin gbé epo tí a ti fọ̀ láti Atlas Cove, ní etí òkun Èkó, lọ sí ibùdó epo tí ó wà ní Mosimi ní ẹ̀bá Ṣágámù, kí ó tó ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ń pe ọ̀nà yìí ní System 2B. Bí a bá ka gbogbo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n gùn tó 5,000 kìlómítà. Ọ̀pá gáàsì tún wà pẹ̀lú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí gba inú ọ̀pá láti Escravos wá sí ẹ̀bá Èkó láti bọ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹ̀gbin. Lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn ọ̀pá gáàsì mìíràn tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́ títì lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Àpápá.

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ri ọ̀pá System 2B mọ́lẹ̀, púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó gbà kọjá jẹ́ irà, igbó àti oko. Ìlú ni ó wá bá ọ̀pá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ta ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀pá fún ẹni tí ó kọ́lé? Ọmọ onílẹ̀ ni. Ta ni ó rí ilé tí ń ga sókè lójoojúmọ́ tí kò sì sọ̀rọ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Bí ẹni tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ náà bá sì fẹ́ wo máàpù kí ó tó sanwó, ibo ni ì bá ti rí i?

Àwọn iná tí mo fẹ́ mẹ́nu bà kò ṣẹlẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ fún ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí àdúgbò yìí wà. Ìgánmú àti Ìjọ́rà pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ wọn kò jìnnà sí wa. Ojú irin wà nítòsí. Títì ńlá tí ó ti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Afárá Èkó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Bí mo bá ní kí ẹnìkan dìde kí ó sọ ohun gbogbo tí a rì sí abẹ́ títì yẹn, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe wáyà, ìbáà ṣe gáàsì, mo rò pé gbogbo wa ni yóò jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́nu àwọn babaláwo, ìpọ̀nrí ni orísun tí a ti bu orí ẹni, ohun tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí ìgbé ayé ẹni dúró lé lórí. Ẹni tí ó ń gbé àdúgbò tí ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìdí púpọ̀ láti béèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Ìtàn Sùúrùlérè pàápàá kọ́ wa ní nǹkan kan. Láti ọdún 1955 ni àjọ ìjọba amúnisìn tí à ń pè ní LEDB ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó púpọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn wó wá sí ìhín. Àwọn onílé ta kò ó, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n ètò náà tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní àyíká yìí ni ó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà wọn, wọ́n sì mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá ti parí ìpinnu kí a tó pe onílé.

Iná Mẹ́ta

Iná àkọ́kọ́ ni ti Abúlé Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Epo bẹntiróòlù wọ́n lákòókò náà. Ní òru, àwọn olè dá ọ̀pá lu, wọ́n fa èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ láìdí ojú ihò náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èrò ti gbé kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀. Iná sọ, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 250. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní etíkun Ìlàdò, tí ó pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, iná ti jó ní Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta, tí àwọn tí ó kú níbẹ̀ sì ju 1,000 lọ. Kí a má tan ara wa: àwọn tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ mọ̀ pé epo ń gbiná. Ìṣẹ́ àti ọ̀wọ́n epo ni ó lé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin ìgbà tí olè lọ àti ìgbà tí iná sọ, ọ̀pọ̀ wákàtí ni epo fi ń dà sílẹ̀. Ta ni ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ ì bá pè? Nọ́ńbà wo ni a kọ sí ibi tí yóò ti rí i? Orúkọ ọ́fíìsì wo ni ó mọ̀?

Iná kejì ni ti Ìjẹ̀gún, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008. Kò sí olè nínú èyí. Katapílà tí ń la títì ni ó fi irin kọ lu ọ̀pá epo, iná sì ràn dé ilé àti ilé-ìwé tí ó wà nítòsí. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó kú. Ọ̀pá náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó wà nínú ìwé. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sórí katapílà. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò dá ẹ̀rọ dúró.

Iná kẹta ni ti Abúlé Àdó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020. Àlàyé tí NNPC kọ́kọ́ ṣe ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó kọ lu àwọn sìlíńdà gáàsì tí a tò jọ ní ẹ̀bá ilẹ̀ tí ọ̀pá System 2B gbà. Ó lé ní 20 ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀ ilé wó, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Bethlehem sì bàjẹ́ kọjá àfẹnusọ. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Bí a bá gba àlàyé NNPC gbọ́, a jẹ́ pé òwò gáàsì ń lọ ní ìta gbangba ní ẹ̀bá ọ̀pá epo. Ẹni tí ń ṣòwò bẹ́ẹ̀ kò fara pamọ́. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ti sọ fún wọn rí bí ó ti yẹ kí ohun eléwu jìnnà sí ọ̀pá tó?

Nígbà tí a bá béèrè pé kí ìjọba tẹ́ máàpù ọ̀pá epo fún gbogbo ènìyàn láti wò, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé yóò ran olè lọ́wọ́. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo Abúlé Ẹ̀gbá. Ní òru ni àwọn olè ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀pá wà, wọ́n mọ irin tí yóò dá a lu, wọ́n sì mọ ìgbà tí epo ń kọjá nínú rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Máàpù kọ́ ni ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ará ilé nìkan ni àṣírí náà ń ṣe bí àṣírí fún, ẹni tí ó sì lè tètè kígbe nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni a ti fi ìbòjú dí lójú.

Ààlè àti Ẹ̀rí Rẹ̀

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi ohun tí kò lẹ́nu kìlọ̀. Ààlè ni mo ń tọ́ka sí. Bí ẹnìkan bá fi àjókù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tàbí àlòkù bàtà so mọ́ ìdí igi tàbí ẹ̀bá ẹrù rẹ̀, gbogbo ẹni tí ń kọjá mọ ohun tí ó ń wí. Àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn máa ń kà á mọ́ àrokò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni, bí a kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó ń fún ààlè lágbára. Èkíní, gbogbo ará ìlú ni ó mọ èdè rẹ̀, látorí ọmọdé dórí àgbà. Èkejì, a mọ ẹni tí ó pa á, a sì lè lọ bá a láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó pa á ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí òjò bá pa á bàjẹ́, yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ààlè tí ó ti rà sílẹ̀ kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi èyí wé àmì tí a ń rì sí ojú ọ̀nà ọ̀pá epo. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi kọ ọ́. Ìyá tí ń ta àgbàdo lẹ́bàá rẹ̀ lè ṣàìmọ̀ ju pé ìjọba ni ó ni òpó náà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ lè ti yí padà: àjọ tí ó ti ń jẹ́ NNPC láti ọdún 1977 di ilé-iṣẹ́ aládàáni ní abẹ́ òfin ní ọdún 2022, àjọ tí ń ṣe àmójútó pẹ̀lú sì ti pààrọ̀ orúkọ. Ààlè tí ará ilé kò lè kà, tí kò mọ ẹni tí ó pa á, tí kò sì rí ẹni tí ń tún un ṣe, ó ti di igi lásán.

Nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, àkóyawọ́ ni à ń pe ìwà ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ nínú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ẹni tí ó bá ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé rí ti fi hàn pé kò di nǹkan kan mọ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ya ọwọ́ hàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì ríran. Bí a bá tẹ ìwé ìyẹ̀wò ọ̀pá jáde ní Àbújá ní èdè tí ará Abúlé Ẹ̀gbá kò gbọ́, a ya ọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni a ti yà á.

Ohun Tí Òfin Wí

Ó lè ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu pé òfin ilẹ̀ wa kò yadi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọ̀pá epo tí a ṣe ní ọdún 1956, ọdún kan náà tí a rí epo ní Oloibiri, ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Ó ní kí a kéde ìwé-ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ó bá ní ìpín nínú ilẹ̀ tí yóò gbà sì lè ta kò ó. Ó wá fi gbólóhùn kan sí i tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹni náà lè fi ìwé ta kò ó, ó sì lè fi ẹnu ta kò ó. Ìjọba amúnisìn pàápàá mọ̀ pé àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Òfin tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu ti ju 60 ọdún lọ. Ẹnu náà ni a kò pè.

Ní ọdún 1992, òfin lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká ní kí a fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí a tó pinnu. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn. Òfin yìí fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àjọ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni a fún àjọ náà láti fèsì. Ó kan ilé-iṣẹ́ tí ìjọba bá ní agbára ìṣàkóso nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ ìwé lè rán ẹlòmíràn láti bá a béèrè. Bí ó bá sì fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ọba ni òfin ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí òfin ń bọ̀wọ̀ fún ẹnu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀.

Òfin epo ti ọdún 2021 ni ó dá àjọ NMDPRA sílẹ̀ láti máa mójútó àwọn ọ̀pá tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ó sì ní kí àjọ náà bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jíròrò kí ó tó gbé ìlànà jáde. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òfin náà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní. Ó ya owó ìdàgbàsókè sọ́tọ̀ fún àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ epo wà, ó sì ní bí wọ́n bá ba ohun èlò epo jẹ́ níbẹ̀, a óò yọ owó àtúnṣe rẹ̀ kúrò nínú ìpín àdúgbò náà, àyàfi bí ó bá jẹ́ àbùkù ẹ̀rọ tàbí ohun tí ó ti ọwọ́ Ọlọ́run wá. Òfin ọdún 1956 náà ní irú ẹ̀ka yìí: ẹni tí ó ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ san owó ìtanràn bí epo bá dà, ṣùgbọ́n kò ní san án bí ó bá jẹ́ pé ìwà ìbàjẹ́ ẹlòmíràn ni ó fà á.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọ̀pá bá bẹ́, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, ṣé ìpẹtà ni ó jẹ ẹ́, tàbí ọwọ́ olè ni ó ti wá? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé ìyẹ̀wò ọ̀pá: ọdún tí a rì í, ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ibi tí irin ti fẹ́lẹ́. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ọ̀pá ni ìwé náà wà. Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ àwọn ará Bodo ní ilẹ̀ Ògóní, adájọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ẹni tí ó ni ọ̀pá lè jẹ̀bi bí ó bá kọ̀ láti dáàbò bò ó bí ó ti yẹ. Ìdájọ́ yẹn dára, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí kò lè rí ìwé kankan, báwo ni yóò ṣe fi ẹ̀rí hàn? A sọ ará àdúgbò di ọlọ́dẹ, a sì ń dá a lẹ́bi bí olè bá wọlé, ṣùgbọ́n a kò fún un ní fìtílà.

Ohun Tí A Lè Kọ́ Lọ́dọ̀ Ẹlòmíràn

Àwọn kan ti gbìyànjú láti gba fìtílà náà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìtòsí. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ìjọba Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀pá gáàsì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba ẹ̀bá Àgbádárìgì wọ inú òkun, ó sì ń fún Kútọnu, Lómé, Tema àti Takoradi ní gáàsì. Gígùn rẹ̀ tó 678 kìlómítà. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, àwọn ará abúlé tí ilẹ̀ wọn wà lójú ọ̀nà náà kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Ìfẹ́sowápọ̀, wọ́n sì kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìyẹ̀wò ti Báńkì Àgbáyé. Wọ́n ní owó ilẹ̀ tí a san fún wọn kò tó, a kò là wọ́n lóye ohun tí ń bọ̀ bí ó ti yẹ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nípa ààbò ọ̀pá àtijọ́ tí ó ti Escravos wá. Ìgbìmọ̀ náà wá wo ilẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2008 rí àbùkù nínú bí a ti ṣírò owó ìtanràn àti bí a ti fi ìròyìn tó àwọn ènìyàn létí. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ẹ̀sùn náà. Ohun tí ó jẹ́ kí a gbọ́ wọn ni pé ibì kan wà tí a gbà kí wọ́n mú ẹ̀sùn wọn lọ, ẹni tí ó sì gbọ́ ọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ ìlú Bellingham ní Amẹ́ríkà yẹ fún àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1999, bẹntiróòlù ya láti inú ọ̀pá sínú odò kan ní ìlú náà, iná sọ, ó sì pa ọmọdékùnrin méjì, ọlọ́dún mẹ́wàá, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọlọ́dún méjìdínlógún. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ ti ṣá ọ̀pá náà lọ́gbẹ́ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, àti pé ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín kò hú u wò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ti tọ́ka sí ibẹ̀. Àwọn òbí àwọn ọmọ náà kò dákẹ́. Òfin ààbò ọ̀pá tuntun jáde ní ọdún 2002. Ní ọdún 2003, mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là nínú owó ẹjọ́ náà ni a fi dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pipeline Safety Trust sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àti ìjọba fún ará ìlú. Lónìí, máàpù ọ̀pá tí ẹnikẹ́ni lè wò wà ní orílẹ̀-èdè náà, bí kò tilẹ̀ fi gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Láti ọdún 2007, ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ níbikíbi lè pe 811 láti mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ìlànà ààbò tuntun, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò: márùn-ún láti ọ̀dọ̀ ìjọba, márùn-ún láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́, márùn-ún láti àárín ará ìlú.

Èmi kò sọ pé wọ́n ti bọ́ nínú ewu. Ní ọdún 2010, ọ̀pá gáàsì bẹ́ ní San Bruno ní California, ó pa ènìyàn mẹ́jọ. Nígbà náà ni a tó mọ̀ pé ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ nípa irú irin tí ó wà níbẹ̀ kò tọ̀nà. Ìyẹn gan-an ni ìdí tí ó fi yẹ kí ojú púpọ̀ máa wo ìwé. Ojú àlejò tóbi títí, kò fi ríran. Ará ilé ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń rì.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ dábàá.

Àkọ́kọ́, kí àmì ojú ọ̀nà ọ̀pá jẹ́ ààlè tòótọ́. Ní Èkó, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Ìgbò, Haúsá àti èdè pijin. Kí nọ́ńbà tẹlifóònù tí ènìyàn ń gbé lóru àti lọ́sàn-án wà lára rẹ̀. Kí a sì yà á ní àwòrán fún ẹni tí kò lè kàwé.

Èkejì, kí máàpù ọ̀pá wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀, tí ó fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí tí ó fẹ́ la títì lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. Bí ìjọba bá bẹ̀rù olè, kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ẹni tí ó wá wò ó sílẹ̀. Ìyẹn tó.

Ẹ̀kẹta, lọ́dọọdún, kí ilé-iṣẹ́ àti àjọ tí ń mójútó o wá síwájú ará àdúgbò, ní gbọ̀ngàn tàbí ní ọjà, kí wọ́n ka èsì ìyẹ̀wò ọ̀pá sétí wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí a sì kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀. Àtakò ẹnu tí òfin ọdún 1956 gbà láyè nílò etí tí yóò gbọ́ ọ. Kí òṣìṣẹ́ kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ wà fún un.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí yóò ṣojú ará ìlú nínú ìgbìmọ̀ ààbò jẹ́ ẹni tí ará ìlú fúnra wọn yàn: ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ayálégbé, àwọn ìyálọ́jà, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀pá. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ yàn tí ó sì ń san owó fún, ẹnu ilé-iṣẹ́ ni yóò máa fi sọ̀rọ̀.

Àwa náà ní tiwa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí a bá mọ̀ pé ẹnìkan ń kọ́lé sórí ọ̀pá, tí a dákẹ́ nítorí pé a jọ ń jẹ a jọ ń mu, a ti lọ́wọ́ nínú iná tí yóò jó. Bí epo bá dà, kí a sá fún un, kí a sì kígbe. Bí a bá sì béèrè ìwé tí wọ́n kọ̀ láti fún wa, kí a má ṣe lọ sùn. Ọjọ́ méje ni òfin wí, ilé-ẹjọ́ sì wà.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé àṣírí tí a fi bo ọ̀pá epo kò dí olè lọ́wọ́, ó sì ti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ì bá jẹ́ olùṣọ́ àkọ́kọ́. Mo tún ti fi hàn pé òfin wa, láti ọdún 1956 títí di ìsinsìnyí, ti fi àyè sílẹ̀ fún ohùn ará ìlú ju bí púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ. Ohun tí ó kù ni kí a lo àyè náà. Mo rọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ àwọn ẹ̀ka òfin tí mo mẹ́nu bà yìí sí Yorùbá tí ó já gaara, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pélébé tí a lè pín ní ọjà Ìpọ̀nrí àti ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Mo sì rọ ẹ̀yin àgbà àdúgbò pé kí ẹ yan ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì fi ẹnu wọn béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ títì wa. Òṣìṣẹ́ ni kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin ni ó wí bẹ́ẹ̀.